Ẹni Tó Ń Tu Wáìnì Dànù

Asti, Ítálì
Ogúnjọ́, oṣù Kìíní, 2013

Bàbá mi,

Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ máa ń tu wáìnì dànù.

Láti ìgbà ìkórè ni mo ti ń gbìyànjú láti kọ gbólóhùn yẹn. Mo kọ ọ́, mo ya á. Mo rò ó pé kí n kọ́kọ́ kí yín dáadáa, kí n béèrè orúnkún yín, kí n wá rọra ki ọ̀rọ̀ náà bọ àárín bí ẹni fi oògùn sínú oyin. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Ẹ máa ń fo ìkíni ni, ẹ ó máa wá ibi tí wàhálà fara pamọ́ sí. Ó ti wà lókè báyìí, ẹ kò ní wá a mọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí n kí yín. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìdáwà, ẹ kú iṣẹ́ ọgbà. Ṣé orúnkún ń jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ gé ẹ̀ka àjàrà?

Ottavio ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Sìnyóra Ernesta ni, ìyá arúgbó tí mo ń tọ́jú níhìn-ín. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò gbéyàwó rí, ó sì máa ń fọ abọ́ tó bá fi jẹun. Ó ní ṣọ́ọ̀bù wáìnì nísàlẹ̀ ilé, àwọn oníṣòwò a sì máa pè é kó wá bá wọn tọ́ wáìnì wò kí wọ́n tó rà á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ títu ti wọlé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lẹ́nu iṣẹ́, mo rò pé àìsàn ló ń ṣe é. Ó bu wáìnì díẹ̀ sínú ife ńlá, ó fi ife náà yípo, ó ti imú bọ̀ ọ́ bí ajá tó gbóòórùn egungun, ó gbé e sẹ́nu, ó fi ṣan ẹnu bí ẹni fọ eyín, ó wá tẹ̀ síwájú, ó tu gbogbo rẹ̀ sínú korobá. Mo sáré lọ bu omi wá. Ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi. Ó ní bí òun bá ń gbé gbogbo ohun tí òun tọ́ wò láàárọ̀ mì, gbígbé ni wọn ó máa gbé òun wálé lọ́sàn-án.

Bàbá, inú ilé wáìnì ni mo dàgbà sí, mo sì ka ìwé girama yanjú, síbẹ̀ n kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Òun ló kọ́ mi. Funfun wà, pupa wà, èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun wà, èyí tó ń hó wà, aládùn sì wà fún ìparí oúnjẹ. Oúnjẹ tó bá fúyẹ́, wáìnì tó fúyẹ́. Èyí tó bá wúwo, wáìnì tó wúwo. Ẹja ń fẹ́ funfun tó kan díẹ̀, bí ẹni fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ẹran ọlọ́ràá ń fẹ́ pupa, irú èyí tó ń fa ahọ́n bí tíì tó pẹ́ jù nínú omi, torí ọ̀rá ló ń tù ú lójú. Ohun oníyọ̀ ń fẹ́ èyí tó ń hó. Kéèkì ń fẹ́ wáìnì tó dùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wáìnì á kan lẹ́nu. Èyí tó fẹ́ràn jù ni pé ohun tó bá hù papọ̀ ló ń bá ara wọn mu: kí èèyàn wo ohun tí wọ́n ń gbìn nítòsí ọgbà àjàrà, kó sè é, kó fi mu wáìnì ibẹ̀.

Ó fẹ́ wá kí yín lẹ́yìn Àjíǹde. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. Ìkòkò wáìnì ìgbéyàwó mi, èyí tí ẹ rì mọ́lẹ̀, ńkọ́, Bàbá? Ṣé ẹ rọ wáìnì kún un ní ìkórè tó kọjá? Mo fẹ́ kí ẹ ṣí i fún wa.

Mo mọ̀ pé mo ti pẹ́. Mo sì mọ̀ pé ẹ ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ṣe é, ẹ sáà fèsì.

Lamara, ọmọ yín


Artana, Kakheti
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejì

Lamara, ọmọ mi,

Zaza awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ítálì gbé lẹ́tà rẹ dé, ó pẹ́ díẹ̀, ó ní yìnyín dí ọ̀nà Tọ́kì. Mo kí ọ. Orúnkún mi wà níbi tó máa ń wà, lábẹ́ itan.

Mo ka gbólóhùn àkọ́kọ́. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ó ṣì ń tu ú.

Mo kà á fún Vano lórí odi tó pààlà ọgbà wa. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ó máa ń jẹ búrẹ́dì náà kó tu ú. Ó tún ní lálẹ́ ìgbéyàwó ńkọ́, ṣé á tọ́ ìyàwó wò kó tó pinnu ni. Vano ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́. Èmi kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

O wá ń kọ́ mi ní wáìnì. Ọmọ ẹja ń kọ́ ìyá rẹ̀ ní odò. Nínú ilé wa, oríṣi wáìnì méjì ló wà: èyí tó wà nínú ìkòkò, àti èyí tó ti tán. Ní ti oúnjẹ, ṣé o ti gbàgbé bí tábìlì ṣe rí ni? Ẹja wà lórí adìẹ tí a fi àsálà sè, àwo wàràkàṣì wà lórí ẹja, ẹran tí a fi ẹ̀ka àjàrà sun wà lórí gbogbo wọn, ewébẹ̀, búrẹ́dì, ọbẹ̀ èso kíkan, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé ìgbúnwọ́ kò ráyè. Èwo nínú wọn ni Ottavio rẹ á yan wáìnì fún? Bí wọ́n bá dé inú ikùn, ṣé wọn á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé ìwé ni? Ohun tó hù papọ̀ sì ń bá ara wọn mu, ó ní. Ẹ̀gún àti àjàrà hù papọ̀ lẹ́yìn ilé mi. Kó wá fi ẹ̀gún mu wáìnì.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tí o mọ̀ kí o tó lọ. A kì í fi oúnjẹ yan wáìnì. Ọ̀rọ̀ la fi ń yan án. Olórí tábìlì á dìde, á gbé ife fún Ọlọ́run, fún àlàáfíà, fún àwọn ọmọ, fún àwọn tó ti lọ, ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà á sì mu ife rẹ̀ kanlẹ̀. Ẹni tó bá tu ú, ọ̀rọ̀ yẹn ló tu.

Nítorí náà, bá mi bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Wáìnì wo ló bá òkú mu? Bó bá rí ìdáhùn, kó máa bọ̀, n ó ṣí ìkòkò. Bí kò bá rí i, kó jókòó ti korobá rẹ̀.

O béèrè ìkòkò rẹ. Ó wà nínú ilẹ̀ níbi tí mo rì í sí ní ọdún tí a bí ọ. Mò ń rọ wáìnì kún un ní gbogbo ìkórè, mò ń ṣí i lẹ́yìn gbogbo Àjíǹde torí ọkọ kò dé, wáìnì kò sì gbọdọ̀ bàjẹ́. Gbogbo Artana ti mu ọtí ìgbéyàwó rẹ yó láìjẹ́ pé ìwọ ṣe ìgbéyàwó. Wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ rí.

Fi oògùn orúnkún ránṣẹ́, èyí tó ń ta. Má fi sọ́séèjì ránṣẹ́ mọ́. Sọ́séèjì kì í ṣe ọmọ.

Tedo, bàbá rẹ


Asti
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín níbi ẹ̀gún, mo sì sunkún níbi tí ẹ ti ní gbogbo abúlé ti mu ọtí ìgbéyàwó mi. Ẹ mọ ibi tí ẹ ń gún èèyàn sí.

Mo bi í ní ìbéèrè yín. N kò fẹ́ kọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n tí n kò bá kọ ọ́, ẹ ó ní ó sá. Ó ronú fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó wá bi mí léèrè ohun tí a máa ń jẹ níbi ìsìnkú. Mo ní ẹja, ẹ̀wà, ìrẹsì tí a fi àjàrà gbígbẹ sí. Ó lọ mú bírò. Ó ní funfun láti ẹ̀bá òkun fún ẹja, pupa kékeré tí a fi sómi tútù díẹ̀ fún ẹ̀wà, àti fún ìrẹsì, nítorí àdùn rẹ̀, kí a lo èyí tó ń hó. Ó gbé e fún mi bí ọmọ tó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ tán. Mo wo ìwé náà, mo rí i pé kì í ṣe ìdáhùn. Mo sì mọ̀ pé òun náà mọ̀, torí kò bi mí bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ má rò pé òpè ni. Àwọn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń bẹ̀rù ìgò. Wọ́n máa ń rò pé wọn ó ra èyí tí kò tọ́, àwọn àlejò á sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í fi wọ́n ṣẹ̀sín. Á ní, kí lẹ fẹ́ sè? Ta ló ń bọ̀? Á wá nawọ́ mú ìgò kan, kì í sì í sábà jẹ́ èyí tó wọ́n jù. Mo máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn gbọ́ ọ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀.

Ó fi ìgò méjì ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú oògùn orúnkún. Pupa yẹn, ẹ fi jẹ ẹran àgùntàn sísun. Ẹ ṣí i kí ẹ tó dáná, kó lè mí. Èyí tó ń hó, tó dùn, ẹ gbé e sínú omi kànga kó tutù, ẹ fi jẹ búrẹ́dì dídùn Àjíǹde. Ẹ má fi pupa yẹn jẹ ẹja oníyọ̀. Ó ní ẹnu yín á máa rùn bí irin.

Ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìjẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wáìnì tí ẹ fi rán Zaza sí mi ní Kérésìmesì, inú ike ńlá, tí bébà ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣì wà lára rẹ̀, n kò tíì gbé e fún Ottavio. Abẹ́ ibùsùn mi ló wà. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí oyin àtijọ́, níhìn-ín tí funfun bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Mo bẹ̀rù kó má lọ ti imú bọ̀ ọ́, kó yí ojú padà, kó wá fi àánú sọ̀rọ̀. Mo rò pé mò ń bo àṣírí yín ni. N kò mọ̀ mọ́ bóyá tèmi ni mò ń bò.

Ṣé ẹ ó jẹ́ kó wá, bí kò tilẹ̀ rí ìdáhùn?

Lamara


Artana
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta

Lamara,

N kò kí ọ.

Ẹni tó ń tu wáìnì, ó ń tu ú lójú gbogbo èèyàn, nínú korobá, kò sì purọ́. Ìwọ gbé tèmi sábẹ́ ibùsùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà àti póò ìtọ̀. O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá: ọkùnrin yẹn kọ́ ni ìṣòro mi mọ́.

Èso yẹn, ọwọ́ mi ni mo fi ká a. Èmi àti ìyá rẹ la jọ fi èèpo igi fọ ìkòkò yẹn nígbà ayé rẹ̀, òun tó kéré ló máa ń wọ inú rẹ̀, èmi á wà lókè, á máa kọrin nísàlẹ̀ kí n lè mọ̀ pé atẹ́gùn kò tán. Láti ìgbà tó ti kú, mò ń na ọwọ́ wọ̀ ọ́ bí mo ṣe lè ṣe é. Ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ nìyẹn.

Natela ọmọ Vano ń ṣe ìgbéyàwó ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde tiwa. Vano ní wáìnì òun kò ní tó àlejò. Mo ti sọ fún un pé kó wá gbé ti inú ìkòkò rẹ. Ó kúkú ti mọ adùn rẹ̀. Láti ọdún tó ń bọ̀, n kò ní rọ wáìnì kún un mọ́. Orúnkún mi kò gbà á.

Ìgò méjì tó fi ránṣẹ́ ti dé. Mo gbé wọn sábẹ́ ibùsùn, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń rí níbẹ̀.

Oògùn orúnkún náà ń ta.

Tedo


Asti
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kò kí mi, mo kí yín. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ẹ ka èyí títí dé ìsàlẹ̀ kí Vano tó gbé àdó wá.

Àjíǹde tiwọn ti kọjá níjẹta, ó ṣáájú tiwa. Gbogbo ilé péjọ sọ́dọ̀ Sìnyóra Ernesta: Ottavio, àti Piera àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ bí kò ṣe nípa ìyá rẹ̀ àti aṣọ fífọ̀. Ìyá àgbà ní òun fẹ́ jẹ oúnjẹ ìgbà òtútù: òróró, áyù tó pọ̀ kọjá ààlà, ẹja kéékèèké oníyọ̀, tí wọ́n sè di ọbẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń hó láàárín tábìlì, tí kálukú ń ti ewébẹ̀ bọ̀. Piera ní ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ Àjíǹde. Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé òun lè má rí ìgbà òtútù mìíràn, kó sì lọ bó áyù.

Ottavio a máa sọ pé ọbẹ̀ yìí ni apani fún wáìnì. Funfun á di omi níwájú rẹ̀. Pupa olówó ńlá á kan, á korò. Pupa ọ̀dọ́ tó le lẹ́nu nìkan ló ń fi sí i, ó sì ní ìyẹn náà, ìfaradà ni, kì í ṣe ìfẹ́. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ, mo dìde, mo lọ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn mi.

Mo da wáìnì yín sínú ṣágo tó mọ́, mo gbé e ka tábìlì. Piera bi mí bóyá tíì ni. Ottavio ti ń na ọwọ́ mú un kó lọ fi í sí yìnyín. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe funfun yín. Tòun tèèpo àti kóró àjàrà ni bàbá mi rì í mọ́lẹ̀."

Korobá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àga, àṣà ni. Ó fi ife yípo, ó ti imú bọ̀ ọ́. Ó tọ́ ọ wò. Ó jẹ ọbẹ̀ áyù yẹn díẹ̀, ó tún tọ́ ọ wò. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ àwáwí jọ: ike ni, ọ̀nà jìn, bàbá mi ti dàgbà. Ó wá ní, "Áyù kò lè lé e." Ìyá rẹ̀ gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mu ú tán.

Mo ṣe ohun kan nígbà náà tí n kò gbèrò. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi dìde. Mo gbé ife mi, mo dárúkọ Màmá, mo ní ife yìí ti Daro ni, ẹni tó ń kọrin nínú ìkòkò. Mo mú búrẹ́dì mi, mo ro wáìnì lé e bí ẹ ṣe ń ṣe é fún òkú. Ó kán sórí aṣọ tábìlì. Piera ti dìde lọ gbé iyọ̀ nítorí àbàwọ́n, ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé mélòó ni mo ti mu láti àárọ̀, bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Ojú tì mí, mo jókòó.

Ottavio yíjú sí mi. Ó bi mí pẹ̀lẹ́ ibi tí a sin Màmá sí. Mo ní ìsàlẹ̀ ọgbà àjàrà, lẹ́yìn odi ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ìkòkò bàbá mi ńkọ́? Mo ní òkè díẹ̀, ilẹ̀ kan náà, ilẹ̀ pupa kan náà. Ó wo búrẹ́dì mi fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bu wáìnì mìíràn sínú ife, ó mú búrẹ́dì tirẹ̀, ó ro díẹ̀ lé e, ó dárúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ó gbé ìyókù mì kanlẹ̀. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, "Kọ̀wé sí bàbá rẹ. Sọ fún un pé ẹnu mi ni ìdáhùn wà látọjọ́ yìí wá, mo sì ń wá a nínú oúnjẹ. Ohun tó bá hù papọ̀ ló ń bá ara wọn mu. Wáìnì tó bá òkú mu ni èyí tó jáde láti inú ilẹ̀ tí wọ́n sùn sí. N kò ní in ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó lè tà á fún mi."

Mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìdáhùn, ẹ má jẹ́ kí Vano gbé ìkòkò mi. Bí kò bá jẹ́ ìdáhùn, ẹ ṣáà jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ gbọ́.

Lamara


Asti
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Zaza ti wá, ó ti lọ. Ó gbé wàràkàṣì wá fún gbogbo obìnrin Kakheti tó wà ní Asti, kò gbé nǹkan kan wá fún mi. Mo bi í bóyá ó fún yín ní lẹ́tà mi. Ó ní òun fi í lé yín lọ́wọ́ nínú ọgbà, ẹ fi í sápò, ẹ ń gé ẹ̀ka lọ.

Piera gbọ́ pé ẹ kò fèsì. Ó sọ fún mi níwájú ìyá rẹ̀ pé ó dára náà, torí ẹ̀gbọ́n òun ti dàgbà jù láti máa lọ mu ọtí nínú kòtò. Ìyá àgbà ló ju ṣíbí sí i.

Àjíǹde tiwa ń bọ̀. Lálẹ́, mo máa ń rí i bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ́ gé amọ̀ kúrò lẹ́nu ìkòkò mi, tí àlejò Natela ń nawọ́ ife. Bí ẹ bá ti fún un, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yín yìí ló ń pa mí, kì í ṣe èébú. Mo mọ bí mo ṣe ń gbé pẹ̀lú èébú yín.

Lamara


Artana
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún

Lamara, ọmọ mi,

Kristi jíǹde. Mo kí ọ, mo kí ìyá àgbà tó ju ṣíbí. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí n ti mọ̀ láti ìgbà èwe.

N kò fèsì torí n kò ní èsì. Mo gbé ìbéèrè yẹn kalẹ̀ kó má bàa ní ìdáhùn, bí ẹni ti ìlẹ̀kùn tó sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú kànga. Ọkùnrin yẹn wá lọ sínú kànga. Inú bí mi. Mo gbé lẹ́tà yẹn sápò títí òógùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, mo lọ sí ibojì ìyá rẹ gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń lọ. Mo gbé ẹyin pupa dání, mo gbé ike wáìnì. Mo ro ó sílẹ̀ fún un. Mo wí fún un pé, Daro, ẹnì kan tó ń tu wáìnì ti sọ pé èyí nìkan ló bá ọ mu, kí lo rí sí i? Kò bá mi jiyàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Vano kò gba ìkòkò rẹ. Mo rọ wáìnì kún ṣágo fún un láti inú ti èmi fúnra mi, èyí tó tóbi. Ó bínú fún ọjọ́ kan, ó ní mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo ní n kò jẹ ẹ́, mo kàn tu ú ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbàgbé pé òun ń bínú. Amọ̀ ẹnu ìkòkò rẹ ṣì wà bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́ ní ìkórè. Mò ń fi omi tù ú lójú láràárọ̀ kó má sán.

Ìjẹ́wọ́ ti di àṣà nínú ilé wa, ó dà bí ikọ́. Èmi náà ní tèmi. Ìgò méjì yẹn kò pẹ́ lábẹ́ ibùsùn. Mo sun ẹran àgùntàn, mo mu pupa yẹn sí i, èmi nìkan, mo ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rá náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo tún wá fi díẹ̀ jẹ ẹja oníyọ̀ kí n lè rí i pé irọ́ ni, ẹnu mi sì rùn bí irin títí di ọjọ́ kejì. Èyí tó ń hó bá búrẹ́dì dídùn mu ju bó ṣe yẹ lọ. Níbi ìgbéyàwó Natela, Vano fẹ́ fi pupa mu ẹja, mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, ẹja ń fẹ́ èyí tó kan díẹ̀, òpònú. Gbogbo tábìlì yíjú sí mi. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Má sọ fún Ottavio.

Kó máa bọ̀. Kó tu wáìnì ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, kó má tu tèmi. Ìwo màlúù la ó fi fún un mu, kì í ṣe ife. Ìwo kò ní ìdí, kò ṣe é gbé kalẹ̀ títí yóò fi tán, kò sì ní sí korobá lábẹ́ tábìlì. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Má pẹ́ o. Ooru ń bọ̀, ìkòkò sì lè dúró dè ọ́ nínú ilẹ̀ tútù. Èmi ni n kò dá ara mi lójú.

Tedo, bàbá rẹ


Asti
Ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Nítòótọ́ ló jíǹde.

Mo ka lẹ́tà yín fún Ottavio ní ilé ìdáná. Mo fo ibi tí ẹ ní kí n má sọ fún un. Ó rí i pé ojú mi fo ìlà, ó béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní orúnkún ni.

Níbi ìwo, ó dá mi dúró. Ó bi mí bí ó ṣe tóbi tó. Mo fi ọwọ́ hàn án. Ó joyè olùtọ́wáìnì láti ogún ọdún, ẹ̀rù ìwo màlúù wá ń bà á. Ó ti ń mu wáìnì pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́ láti ìjẹta, ó ń gbé e mì, ó ní ìdánrawò ni. Ìyá rẹ̀ ní òun kò rí i kó rẹ́rìn-ín lásán báyìí láti ìgbà tó wà lọ́mọdé.

Ìyá àgbà ní òun ń bọ̀. Mo ní ọ̀nà jìn, ó ní ikú jìn jù ú lọ, òun sì fẹ́ rí ilẹ̀ tí irú wáìnì bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Á gbé áyù tirẹ̀ dání, torí kò gbẹ́kẹ̀ lé ti ibòmíràn. Piera ní a ti ya wèrè. Ó tún wá bi mí, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́, bóyá ìkòkò náà tóbi débi pé èèyàn lè wọ inú rẹ̀ kọrin lóòótọ́. Mo ní ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Mo ní bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, èmi ni n ó wọ̀ ọ́. Mo ti sanra ju Màmá lọ, ṣùgbọ́n mo mọ orin náà.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mo ti pẹ́ níhìn-ín débi pé n kò mọ̀ bóyá ẹ ó mọ̀ mí lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí ti imú bọ ife níwájú Vano, ẹ gbá mi lọ́wọ́.

Lọ́la, Zaza ń kọjá ní Asti. Màá tètè dé ibi ìdúró ọkọ̀ rẹ̀, kí àwọn ẹlẹ́rù tó yí i ká. N kò ní fi lẹ́tà yìí rán an. Èmi fúnra mi ni n ó gbé e fún yín. Màá sọ fún un pé kó tú ẹrù kúrò lórí ìjókòó ẹ̀yìn, kó fi àyè mẹ́ta sílẹ̀ fún mi, kó sì má béèrè ẹni tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a tó gbéra, màá padà sí ṣọ́ọ̀bù, màá fọ korobá yẹn mọ́, màá sì fi gbin ewébẹ̀ fún Piera.

Lamara, ọmọ yín